Àálè Ara Igi Ápù

Lichtenberg, ìrọ̀lẹ́ Sunday, oṣù kẹwàá

Èso igi ápù kékeré mi tún ti dín kù. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti gbìn ín, èso àkọ́so rẹ̀ nìyí, mo sì ti ṣèlérí fún Àmínà, ọmọ-ọmọ mi ní Hamburg, pé òun ló máa ká a ní Saturday. Ta ló ń jí i? Dieter tí ọgbà rẹ̀ kángun sí tèmi ni mo fura sí. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lánàá ni mo so àálè mọ́ igi náà: akísà pupa, ṣùkù àgbàdo àti ògbólógbòó bàtà kan. Ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín. "Alhaji tó lọ Mẹ́kà! Ta ló mọ àálè ní Jámánì?"

Lónìí, Dieter gbé bàtà náà wá bá mi. Ó ti fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ gbàgbé bàtà yín sórí igi."

Olè wo ló ń fọ àálè?

Ó wá fi ipasẹ̀ àgbọ̀nrín hàn mí nílẹ̀, títí dé ibi tí wáyà ọgbà tirẹ̀ ti ya. Ó ti mọ̀ tipẹ́! Ó ní òun ò tún un ṣe nítorí pé òun fẹ́ràn láti máa wò wọ́n láàárọ̀. Ṣé ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún olè kì í ṣe olè ni?

Ó ní òun á dí i lọ́la. Èmi ò lè dúró de ọ̀la. Mo ti ká gbogbo èyí tó kù, mo sì tì wọ́n bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá di Saturday, màá fi òwú so wọ́n padà kí ọmọ náà lè rí nǹkan ká.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnì kan ń rún nǹkan ní kíṣìnì. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la sì wà nílé.