Moróunkẹ́ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú

Ajé, 2 Òkúdù
Ẹsẹ̀ òsì tó kán, nínú P.O.P. Mo nà gbalaja sórí àga pálọ̀ l'Akóbọ̀ níbí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló dà wá nù lọ́sẹ̀ tó kọjá — awakọ̀ ń yẹ̀ fún kòtò, ó kó wa sí gọ́tà.

Dúpẹ́olúwa, ọkọ mi, gbọ́dọ̀ padà síbi iṣẹ́ ní Àbújá. Ó bá lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n wá tọ́jú mi. Yéè! Ọ̀gá Àgbà! (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọn ò tíì mọ̀ pé àwọn ti fẹ̀yìntì.)

Ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ọjọ́ kejì ni wọ́n bínú lọ, nítorí mo ní iyọ̀ ọbẹ̀ wọn pọ̀ díẹ̀. Dúpẹ́olúwa bẹ̀ mí kó tó jáde: jọ̀ọ́, má jẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣèlérí. Èmi gan-an fẹ́ kó dáa. Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti wọlé wọn, "Ìyàwó" ni wọ́n ṣì ń pè mí. Mojí, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, Mojí ni wọ́n ń pè é. Ó ń dùn mí.

Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù
Mark, àbúrò mi, wá láti Challenge. Ó ní, "Ṣèyífúnmi, àga yìí ò ní pa ẹ́," ó bá gbé géèmù kan sínú kọ̀ǹpútà mi. Ọkọ̀ òfurufú kan, èèyàn mẹ́ta nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń lé wọn bọ̀ láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀. Ẹ ó máa sá, ẹ ó máa jà, títí ẹ ó fi kan ọkọ̀ ńlá olórí ọlọ̀tẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá fọ́ lọ́nà, ó parí nìyẹn. Kò sí pé mo fẹ́ padà síbi tí mo dé lánàá. Ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni.

Mo kú, mo tún kú. Mark ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lé e lọ sílé.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdù
Epo tán láàárín ìràwọ̀ méjì. Bí Ìbàdàn gẹ́lẹ́.

Ẹtì, 6 Òkúdù
Ìkà ni géèmù yìí. Lánàá asà mi le, ìbọn mi dára, mo ti ń kọrin. Ọta kan ṣoṣo bọ́ sí yàrá tí atẹ́gùn ti ń wá — gbogbo wọn kú. Mo ju mọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá mo ń wá a kiri lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè.

Kí ló wá dùn nínú ẹ̀? Mo rò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá kú, mo mọ ohun tó pa mí: ojúkòkòrò. Mo máa ń fẹ́ ja ìjà kan sí i. Tí mo bá sì tún bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run ti yí padà, kò sóhun téèyàn lè há sórí. Ó tún ní bọ́tìnnì kan, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo nǹkan á dúró — ọta lójú afẹ́fẹ́, iná lẹ́nu ọ̀nà — wàá mu gààrí, wàá ronú. Nílé ayé, ta ló ń dá nǹkan dúró dè mí?

Géèmù náà tún gbà kéèyàn sọ ọkọ̀ àtàwọn inú rẹ̀ lórúkọ. Ọkọ̀: Máíkírà, bíi takisí Ìbàdàn, nítorí bí wọ́n ṣe há mọ́ra wọn. Awakọ̀: Mark. Ẹ́ńjìnnì: Mojí, kí òun náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ó ku jagunjagun, alágbára, tíná kì í tètè mú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo tẹ Moróunkẹ́.

Orúkọ Ọ̀gá Àgbà ni! Orúkọ tí ìyàwó ilé kan ò gbọdọ̀ fẹnu bà. Àní ọmọdé tí mo bá nílé wọn, ńṣe ni mo fún un lórúkọ tèmi, Ìbàdíàrán. Mo wá ń pàṣẹ: Moróunkẹ́, lọ paná. Moróunkẹ́, lọ tún ìbọn ṣe. Kò jiyàn. Ara mi yá gágá.

Àìkú, 8 Òkúdù
Ọ̀gá Àgbà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sùtánà funfun, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí ẹsẹ̀ mi, wọ́n kọjú sí kọ̀ǹpútà. Mo sáré da ìró bò ó. "Kí lò ń bò, Ìyàwó?" Mo ní òtútù ń mú un.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdù
Mo ti dàràn.

Mo rìn jìnnà nínú géèmù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Íápíìsì wà létí mi. Àwọn ọ̀tá já wọnú Máíkírà, mo rán Moróunkẹ́ nìkan sí wọn. Mo gbàgbé pé ẹni tó ki íápíìsì bọ etí kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń kígbe nìyẹn: "Moróunkẹ́, sáré! Moróunkẹ́, kúrò níbẹ̀! Áà! Moróunkẹ́ ti kú!"

Mo gbójú sókè. Ọ̀gá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n rọra bèèrè pé ta ló kú. Rírọra yẹn ló dẹ́rù bà mí. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀, wọ́n wọ yàrá. Mo gbọ́ ìró síípù báàgì.

Mo ti bà á jẹ́. Mo fi ọ̀pá mi méjèèjì tiro lọ. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ — P.O.P. ò tẹ̀. Mo gbìyànjú orúnkún kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu bẹ́ẹ̀dì. Kí ni kí n ṣe? Mo fàyà lélẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, géèmù ni. Ẹ má bínú mà. Mi ò ní irú ẹ̀ lọ́kàn sí yín."

Mo gbọ́ ohùn kan bí ẹkún. Mo gbórí sókè: ẹ̀rín ni! Èjìká wọn ń gbọ̀n. "Dìde, ìwọ ọkùnrin yìí." Wọn ò lágbára àtigbé mi, làwọn náà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Fi Moróunkẹ́ náà hàn mí."

"Ó ti kú, mà. Àfi ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

"Bẹ̀rẹ̀."

Ẹtì, 13 Òkúdù
Wọ́n bi mí pé ṣé kò sí ọ̀dọ́ nínú ọkọ̀ ni, tó fi jẹ́ Moróunkẹ́ ni mò ń rán. Wọ́n ní èwo wá ni èmi níbẹ̀. Mo ní èmi ò sí níbẹ̀, èmi ni ọ̀gá, ìta ni mo ti ń pàṣẹ. Wọ́n wò mí títí. "Ọ̀gá tí ò wọ ọkọ̀, tó ń rán àgbàlagbà sínú iná."

Mo mu omi.

Ajé, 16 Òkúdù
Èmi kọ́ ni mò ń pàṣẹ mọ́. Gbogbo ìjà, wọ́n á nawọ́ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń darí àwọn ọmọ ilé-ìwé: "Dá a dúró!" Wọ́n á ronú, wọ́n á ṣe "Jésù, gbà wá," a ó tó yìnbọn. Tí Moróunkẹ́ bá paná, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Ọbẹ̀ jóná. Ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ iyọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù
A dé ọ̀dọ̀ olórí ọlọ̀tẹ̀! Ọ̀gá Àgbà bọ́ gèlè. Ọkọ̀ ńlá náà ti ń rú èéfín, ó ku díẹ̀ kó fọ́ — iná sé Mojí mọ́ yàrá ẹ́ńjìnnì wa. Mo ní ká fi í sílẹ̀, ká yin ìbọn kan sí i. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́: "A kì í fọmọ sílẹ̀ sínú iná." Moróunkẹ́ fi ìdí ìbọn sílẹ̀, ó lọ yọ Mojí. Ó yọ ọ́. Ìbọn ò wá ní ẹni tó ń yìn ín. Máíkírà fọ́ yángá, gbogbo wa lọ.

Ọ̀gá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Òṣì. Òṣì gbáà." Ọ̀gá ilé-ìwé! A rẹ́rìn-ín títí àwọn oníná fi mú iná lọ.

Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ nǹkan kan gún mi. Torí Mojí la ṣe pàdánù. Èmi ò tiẹ̀ sí nínú ọkọ̀.

Ẹtì, 20 Òkúdù
Wọ́n tú P.O.P. Ẹsẹ̀ mi rí tín-ín-rín bí ti ẹlòmíì. Ọ̀gá Àgbà ní lọ́la làwọn ń lọ wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ l'Òjóò. Mo rò pé inú mi á dùn. Kò dùn.

Àbámẹ́ta, 21 Òkúdù
Láàárọ̀ mo fẹsẹ̀ méjèèjì dúró nílé ìdáná, mò ń ṣe mọ́ínmọ́ín tí Ọ̀gá Àgbà máa mú lọ́nà. Báàgì wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ wo nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà káwọn tó lọ.

Mo gbọ́ igbe ní pálọ̀:

"Ṣèyífúnmi! Ṣèyífúnmi, jáde nínú iná yẹn!"

"Mà!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo tiro dé pálọ̀. Wọ́n kẹ́yìn sí mi, íápíìsì mi wà létí wọn. Wọ́n ti yọ Mark kúrò nídìí ọkọ̀. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Iná yí i ká, Moróunkẹ́ sì ń sáré bọ̀.

"Ṣèyífúnmi, dúró dè mí! Mò ń bọ̀!"

Wọn ò mọ̀ pé àwọn ń pariwo. Mo tún dáhùn, jẹ́jẹ́: "Mà." Wọn ò gbọ́. Mo lọ gbé báàgì wọn padà sí yàrá.