Mẹ̀sí Bàbá Rẹ Kì í Ṣe Títà

Ìbà, ní Ọ̀jọ́,
Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ayọ̀dèjì ọmọ mi, Àkànní,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìfaradà gbogbo wàhálà Lẹ́kkí níbẹ̀ yẹn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde nílé yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá máa fi wọ ọ́, Àmín. Àwa náà wà, adìyẹ mi ti pamọ, àgbàrá kò tíì wọ yàrá lọ́dún yìí, ara mi sì le ju bí o ti rò lọ.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màmá kì í gbé fóònù mọ́. Ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni Ṣọlágbadé, tó ní òun ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, tí o ní kó wá ra Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́ bàbá rẹ ni. Ọjọ́ tí o ní kí n gbé fóònù síwájú ọkọ̀ kí ó lè rí i, mo rí ojú rẹ̀ nínú fóònù gbàgàdà, ó ń wo ẹ́ńjìnnì wa láti Erékùṣù bí ẹni ń yọjú wo yàrá onílé. O ní o ti pa fóònù náà, pé kò rí wa mọ́. Ṣé ẹni tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn máa ń dágbére kó tó lọ ni? Mo ti da ojú fóònù náà bolẹ̀ sínú garawa gààrí, mo sì ti dé e, gààrí ni kó máa wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà.

Nígbà tí ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀, ó kọ́kọ́ ń yin ìpẹtà ara ọkọ̀, ó ní ká má fọ̀ ọ́, ká má kùn ún. Ó tún ní òun fẹ́ ka nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ayọ̀dèjì, ojoojúmọ́ ni rédíò ń pariwo pé ká má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà báǹkì wa, pé òun ni àwọn gbájúẹ̀ fi ń fa owó jáde. Bí wọ́n bá lè fi nọ́ńbà fa owó jáde nílé tó ní géètì àti ṣọ́jà, ṣé ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi àgbọn ni wọn ò ní lè fà? Mo ti fi ẹ̀bà tútù rẹ́ ojú nọ́ńbà náà pa. Ó ti gbẹ, kò ṣeé ha.

Ó wá bi mí pé ọwọ́ ènìyàn mélòó ni ọkọ̀ náà ti bọ́ sí, ta ló kọ́kọ́ ni ín, ta ló tẹ̀ lé e. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni ọ́, o sì mọ̀ pé bí àlejò bá ti ń bi wá pé ta ló kọ́kọ́ ni nǹkan, kóòtù ló ń gbé wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bi bàbá rẹ àgbà lórí ilẹ̀ Ajángbádì. Bàbá àgbà ń ka orúkọ àwọn tó ti ni ilẹ̀ náà bí ẹni ń ka oríkì, àṣé ọ̀kan nínú àwọn tí ó dárúkọ wọn bí ọmọ sí ìdálẹ̀, ọmọ náà ló gba ilẹ̀. Mo bá dá Ṣọlágbadé lóhùn pé láti ọwọ́ Ọlọ́run ni Mẹ̀sí ti bọ́ sọ́wọ́ Sàlámì ọkọ mi.

Ìwọ ni mo lè sọ òótọ́ fún, kí o jó lẹ́tà yìí tí o bá kà á tán. Ọ̀gá ológun ojú omi kan ní Navy Town ló gbé e dé ní tuntun. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó tà á fún Timothy, olùkọ́ yunifásítì, ará Èkìtì. Timothy fi tápólì bò ó, ó ní títì Bádágírì á bà á jẹ́, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń ṣí i wò. Bàbá rẹ ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló jẹ́ kí ọkọ̀ náà mọ̀ pé ọkọ̀ ni òun. Ó fi ru àgbọn láti Ìjánìkìn, ó fi gbé àgbò iléyá, inú rẹ̀ ni ìrọbí rẹ ti mú mi. Títí di òní, bí Àtàndá mẹkáníìkì bá wà á jáde kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, àwọn àgbà ẹ̀gbẹ́ títì á na ọwọ́, wọ́n á ní, Àlàájì, ẹ káàsán o. Wọ́n mọ̀ pé bàbá rẹ ti kú, síbẹ̀ wọ́n ń kí i. Ṣé ìyẹn ni kí n tà?

Ṣọlágbadé ní inú gbọ̀ngàn onígíláàsì ni òun máa gbé e sí, pé ẹnikẹ́ni kò ní wà á mọ́, wíwò ni wọn á máa wò ó. Timothy mìíràn nìyẹn! Ilẹ̀ mọ́, mo pe ọkùnrin tó ń kọ nǹkan sára ògiri ní Okokomáíkò, mo ní kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ọkọ̀ gan-an, láti ilẹ̀kùn iwájú dé ẹ̀yìn, bí a ti ń kọ ọ́ sára ilé: ỌKỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀. Nígbà tí Ṣọlágbadé padà wá tó rí i, ó di orí mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun, ó ní mo ti ba ọkọ̀ náà jẹ́ títí ayé. Mo fún un lómi mu. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ ló dùn mí jù, Àkànní, tí o ní kí ni arúgbó fẹ́ fi ọkọ̀ tí kò lè wà ṣe. Òótọ́ ni pé bàbá rẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan sitíárì rí, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Ó dára. Àtàndá ti ń kọ́ mi ní pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Mo ti wó ọgbà kan, mo sì ti bẹ onílé. Mo ti mọ jíà kìíní àti ìkejì, Àtàndá ní ìyẹn tó lò ní Ìbà. Lánàá mo wà á kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n kí Àlàájì, èmi ni mo dáhùn.

Nítorí náà, fi owó táyà àti bátìrì ránṣẹ́, kí o sì fi ti bẹntiróòlù kún un. Má fi í sínú fóònù o, ẹni tó ń bọ̀ nílé ni kí o fi rán. Ọlọ́run á pèsè fún ọ, ọwọ́ rẹ kò ní wálẹ̀, ọmọ tìrẹ náà kò ní fojú arúgbó wò ọ́.

Bí o bá ń bọ̀ fún iléyá, má wulẹ̀ wá ọkọ̀ wọ̀ dé ilé. Sọ̀ kalẹ̀ ní Okokomáíkò, kí o dúró lẹ́bàá títì. Bí o bá rí Mẹ̀sí tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tí gbogbo onímọ́tò ń fọn fèrè tí wọ́n ń bú u láti ẹ̀yìn, má sá, èmi ni mo wá gbé ọ.

Ìyá rẹ,
Mọ́nsúrátù Sàlámì.