Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ Sí Pápá Bọ́ọ̀lù

Ìsàlẹ̀-Ọba,
Igbó-Ọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Ọláníyì ọ̀rẹ́ mi, bàbá Àràmídé,

Báwo ni Ìbàdàn? Ìyá Àràmídé ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú nígbà tí ẹ wá bá wa ṣọdún Iléyá ti lọ pátápátá? Àràmídé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ti ń pe orúkọ mi já gaara, àbí "Bọ̀ọ̀dá Fíìkì" náà ló ṣì ń pè mí? Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìlú ńlá. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara Rùkáyyàh ìyàwó mi le. Inú rẹ̀ nìkan ni kò dùn sí mi, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Mo rí gbogbo ìpè rẹ lórí fóònù. Fóònù mi ò sọnù, iná ò sì tán nínú rẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Bó bá ti ń dún tí mo rí orúkọ rẹ, ṣe ni mo máa ń tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, màá jókòó lé e. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé, nítorí pé ìwé kì í wo èèyàn lójú. Mo mọ̀ pé Alhaji Sàláúdéènì ti sọ tirẹ̀ fún ọ. Jọ̀ọ́, gbọ́ tèmi náà. Kì í ṣe pé mo ní àwáwí kankan o.

Ṣé o rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìwọ akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ Ìbàràpá lo bẹ Alhaji tó ni ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n máa gba bọ́ọ̀lù wọn nílé, ní Igbó-Ọrà níbí, dípò Ìbàdàn. Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún ọ. Mo ní àwọn èèyàn wa fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ, pé pápá yóò kún débi pé wọ́n á máa gun igi mángòrò wòran. Wọ́n fi mí ṣe alága àwọn alátìlẹ́yìn, mo sì ń fẹ̀ káàkiri ìlú. Alhaji ní òun á fi ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú sáà yìí dán wa wò. Bí èèyàn bá ń wá, ẹgbẹ́ á dúró tì wá. Bí wọn ò bá wá, òun á kó ọmọ òun lọ síbi tí wọ́n ti mọyì wọn.

Ọláníyì, ìdíje àkọ́kọ́ tí mo ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn wá, àádọ́rin ni wọ́n. Mo ti ka àwọn tó ń ta ẹ̀pà mọ́ ọn. Mo tún ka ìyá arúgbó kan tó kàn ń gba etí pápá kọjá lọ sílé ara rẹ̀.

Ibo ni àwọn yòókù wà? Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà! O mọ̀ pé ilé ìwòran ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Ní aago mẹ́ta ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ wa ń gba bọ́ọ̀lù gidi lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí wa sí, èmi alága wọn ń fi bọ́ọ̀lù Òyìnbó han àwọn tó lé ní igba. Wọ́n fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ Ásénà lápá kan, àwọn ọ̀tá wọn lápá kejì, gbogbo wọn ń bú rẹfirí tí kò lè gbọ́ wọn láéláé. Mo kàn sáré yọjú sí pápá lẹ́ẹ̀kan ni, mo rí bó ṣe ṣófo, mo sì sáré padà. Ìgbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé èèyàn mélòó ló wá, mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ohun tí wàá sọ ni pé kí n máa ti ilé ìwòran pa ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀ Sátidé lọjọ́ ọjà mi. Ẹnu mi kàn là, ẹgbẹ̀rún kan já bọ́.

Ìgbà kejì, òjò rọ̀, wọn ò tó àádọ́ta. Mo ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo mà láyà o! Ìwọ gbà mí gbọ́, o gbé e lọ bá Alhaji, inú Alhaji dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun á wá fojú ara àwọn wo ìdíje kẹta. Nígbà tí o pè mí láti sọ ọ́, o ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ fún ọ lọ́jọ́ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo gbọ́n ọgbọ́n kan. Mo lọ bẹ ọ̀wẹ̀. O mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí èèyàn bá bẹ̀ ọ́ pé kí o wá bá òun ṣe iṣẹ́ oko, o kì í bi í ní ẹ̀ẹ̀mejì, wàá gbé ọkọ́ ni. Nígbà ayé bàbá mi, kò sí ọ̀wẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ládùúgbò wa tí kò yọjú sí. Iyì tó fi sílẹ̀ yẹn ni mo lọ ná. Mo dé ilé Bàbá Sàrátù, ọ̀rẹ́ bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní mo fẹ́ kọ ebè ẹ̀gẹ́ sí ilẹ̀ kan lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n bá mi kó àwọn èèyàn wá ní Sátidé, ní aago mẹ́ta.

Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọ̀wẹ̀ ọ̀sán? Tàófíìk, ṣé oòrùn ti di àna rẹ ni?"

Mo ní òjò ti mú kí ilẹ̀ tutù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú, pé ọmọ ọ̀rẹ́ àwọn kì í bẹ àwọn kí àwọn má yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni koríko ń gba àgbàdo ìkẹyìn mọ́ wọn lọ́wọ́ lóko tiwọn nígbà náà o. Mo kúrò níbẹ̀, mo gba ilé dé ilé, mo ń tún irọ́ náà pa.

Wọ́n mà wá o, Ọláníyì. Wọ́n tó irínwó. Àwọn kan wá láti Igbó-Ọrà níbí, àwọn mìíràn láti àwọn abúlé ọ̀nà Tápà, kálukú gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Mo ní kí wọ́n jókòó sí etí pápá ná, pé ẹni tó máa fi ààlà ilẹ̀ hàn wá ń bọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọkọ́ lé itan, wọ́n ń wo àwọn ọmọ tó ń sáré káàkiri nínú oòrùn. Ilé ìwòran mi sì wà ní ṣíṣí, Ṣẹ́gun àbúrò mi ló ń bójú tó o. Ìwà ọ̀kánjúwà mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n ti ìyẹn pa.

Alhaji dé pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, ó rí èrò, inú rẹ̀ dùn. Ó bi mí pé kí ni ti ọkọ́. Gbọ́ ohun tí mo sọ, kí o sì bá mi bú ara mi. Mo ní àmì àwọn alátìlẹ́yìn wa ni, pé àgbẹ̀ ni wá, ọkọ́ la fi ń ṣe kóríyá fún àwọn ọmọ wa. Alhaji ní, "Máṣàállà!" Nígbà tí wọ́n sinmi ní ìdajì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń yin àwọn alátìlẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wọn sókè kí àwọn àlejò rí i.

Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan. Bàbá Sàrátù ló dìde. Wọ́n rọra rìn wá bá Alhaji, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, Alhaji. Tàófíìk yìí ló bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi í, níbo ni ilẹ̀ náà wà? Ọjọ́ ń lọ."

Ẹ̀rọ náà gbé e dé gbogbo ìgun pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí mo dúró sí tí mo ń wá ohun tí màá sọ, wo Rùkáyyàh lọ́ọ̀ọ́kán! Òun àti àwọn ìyàwó ilé wa ru ẹ̀wà ìkòkò ńlá méjì, wọ́n ń bọ̀. Èmi ò sọ òótọ́ fún òun náà. Ó gbọ́ pé ọkọ òun bẹ ọ̀wẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ tí kò sí oúnjẹ, ẹ̀tẹ́ obìnrin ilé ni. Ikú yá ju ẹ̀sín, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ikú kì í wá nígbà tí èèyàn bá nílò rẹ̀.

Àwọn èèyàn náà gbé ọkọ́ wọn, wọ́n ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Rùkáyyàh dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bu ẹ̀wà fún wọn, ó ń tọrọ àforíjì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wo apá ibi tí mo wà.

Alhaji ò pariwo. Ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹgbẹ̀rún méjì tí Ọláníyì ń kà fún mi, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wá?" Mo dákẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Ọláníyì yìí mà ti ń purọ́ fún mi." Mo tún dákẹ́.

Ìdákẹ́ kejì yẹn ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Irọ́ tèmi ni, mo sì jẹ́ kó di tìrẹ lójú mi kòrókòró. Mo gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ Alhaji pé wọ́n ti ní kí o dúró sílé ná, pé wọ́n ń wá akọ̀wé mìíràn. Mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́, ìwọ tí o kò ṣe jù pé o gba ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ lọ.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọkọ́ tèmi, mo gba oko Bàbá Sàrátù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro àgbàdo wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Wọ́n jẹ́ kí n ro ó títí ẹ̀yìn mi fi ń ké kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Tàófíìk, bí o bá ní kí a wá jókòó wo bọ́ọ̀lù nítorí tìrẹ, kí o má baà tẹ́, ṣé a ò ní wá ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí, Ọláníyì. N kò tilẹ̀ ronú kàn án rí pé mo lè bẹ̀ wọ́n lásán. Mo jókòó sórí ebè, mo sunkún bí ọmọdé. Bàbá ní kí n dìde, pé omijé kì í pa koríko. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ láti oko dé oko. Ó kù púpọ̀ kí n tó yí wọn ká.

Ìdíje kẹrin wáyé níjẹta, ọjọ́ Sátidé. Mo ti ilé ìwòran pa. Àwọn ọmọ Ásénà fẹ́rẹ̀ẹ́ já ilẹ̀kùn, wọ́n bú mi, wọ́n sì wá ọ̀nà ilé ìwòran mìíràn lọ. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé èmi Tàófíìk ni mo purọ́ iye èèyàn, pé Ọláníyì ò mọ̀ sí i. Ní Tọ́sìdeè, màá wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, ilé Alhaji ni màá kọ́kọ́ dé, màá sì tún un sọ níwájú rẹ̀. N kò ní kí o wá pàdé mi o. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ọ lẹ́nu géètì, ara mi á yá díẹ̀.

Bá mi kí ìyá Àràmídé. Bá mi gbé Àràmídé mọ́ra, má sì sọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Fíìkì ṣe fún un. Rùkáyyàh ní kí n kí ọ. Ìwọ ló ní kí n kí, kò tíì máa kí èmi.

Bí Alhaji bá bi ọ́ kí n tó dé, iye tó wá ní Sátidé nìyí, o lè fi ọrùn rẹ dúró fún un. Bàbá Sàrátù wá, wọn ò gbé ọkọ́. Wọ́n mú àga tiwọn wá láti ilé, wọ́n sì ní kí n jókòó ti àwọn. Ibẹ̀ ni mo ti ka gbogbo èèyàn, lẹ́ẹ̀mejì, n ò ka arúgbó kankan tó ń kọjá lọ. Ọgọ́ta ni wọ́n. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo rántí pé èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí mo jókòó wo bọ́ọ̀lù wọn. Ọgọ́ta ó lé kan.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá ṣì lè pè mí ní ọ̀rẹ́,

Tàófíìk.