Ohùn Ìyá Mi Nínú Mọ́tò Adélànà

                                        Àdúgbò Siporex,
                                        Yopougon, Abidjan.
                                        Ogúnjọ́ oṣù Èrèlé, ọdún 2001.

Bọ́láṣadé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o rìn dé ẹ̀yìnkùlé? Bàbá Olúbáyọ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Gbogbo ará Ẹjìgbò ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Kí ẹni tó ń kà á fún ọ má rò pé mo bẹ akọ̀wé.

Ìgbéyàwó Fúnmiọlá, ọmọ ọmọ mi, ti wáyé ní Sátidé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí aláìmọ̀kan kan bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. O rántí kásẹ́ẹ̀tì tí ìwọ fúnra rẹ gba ohùn ìyá mi sí lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, kó tó kú? Ó ní ọjọ́ tí Fúnmiọlá bá ń lọ sílé ọkọ ni kí a gbé e sí i, kí òun lè fi àdúrà sìn ín lọ. Rédíò kékeré mi ti bàjẹ́. Mọ́tò Adélànà, àbíkẹ́yìn mi, tí yóò gbé ìyàwó lọ sí Songon, nìkan ló kù tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì.

Adélànà wá ra sípíkà tuntun méjì, ó gbé wọn fún Marcel, ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò mọ́tò ṣe nítòsí wa. Bọ́láṣadé, o kò tíì rí onífáàrí! Dígí dúdú lójú, ó ní kò sí irú òun títí dé Plateau láàárín ìlú. Nígbà tó parí, ó tan orin. Ilẹ̀kùn mọ́tò ń gbọ̀n, abọ́ obìnrin tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìhín, ń jó lórí tábìlì. Adélànà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a fi joyè. Mo ní kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì mi sí i. Ohùn ìyá mi jìnnà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, ariwo tó ń ró kìì-kìì sì bò ó mọ́lẹ̀. N kò gbọ́ gbólóhùn kan.

Marcel fi Faransé rẹ̀ pè mí ní arúgbó, ó ní, "La vieille, kásẹ́ẹ̀tì yín ló ti gbó. Ẹ jù ú nù."

Kí n ju ìyá mi nù! Ẹni tí kò mọ ijó jó ní í sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú.

Mo ní kí ó gbé ohùn sí apá òsì nìkan. Ìyá mi sọ̀rọ̀ ketekete. Apá ọ̀tún nìkan, ketekete. Méjèèjì pa pọ̀, ó tún sá wọ kànga. Mo bi í pé, "Ṣé ìgbà tí sípíkà bá di méjì ni kásẹ́ẹ̀tì máa ń gbó?" Ó ní kí Adélànà bá òun mú ìyá rẹ̀ lọ sílé. Adélànà mọ̀ mí. Ó ní, "Tú ilẹ̀kùn méjèèjì, mon vieux. Màmá kò ní lọ."

Ẹ̀yìn sípíkà ni mo ti rí àmì tí Madame Odette kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà: ìròpọ̀ níhìn-ín, ìyọkúrò lọ́hùn-ún. Wáyà dúdú méjì-méjì ló so mọ́ wọn, ìlà funfun tín-ínrín wà lára ọ̀kan. Lápá òsì, wáyà onílà wà níbi ìròpọ̀. Lápá ọ̀tún, ó wà níbi ìyọkúrò. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà, bí ẹni méjì tó ń du ilẹ̀kùn kan! Ariwo kìì-kìì ni Marcel wá fi bo àléébù rẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gun igi kò rí i. Eléyìí kò tilẹ̀ gun igi, dígí dúdú ló wọ̀.

Marcel yí wáyà padà. Mo jókòó síwájú, mo ń ní kí ó dín ariwo kìì-kìì yẹn kù, díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, títí mo fi gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí kó tó pe orúkọ Fúnmiọlá. Ó fi orin tirẹ̀ sí i, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní òun ti mọ̀ pé wáyà ni. Ṣíọ̀! Nígbà tó gbọ́ àdúrà, ó ṣe "Amen." Mo ní kí ó mú Amen rẹ̀ padà, kí ó fi nu dígí rẹ̀.

Lójú ọ̀nà Songon, Fúnmiọlá, tí kì í fi Faransé dá mi lóhùn ju "oui, mémé", bẹ́ẹ̀ ni màmá àgbà, lọ, ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ìkẹyìn, mo gbọ́ ohun tí rédíò kékeré mi kò jẹ́ kí n gbọ́ rí: ẹnì kan ń sunkún jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìyá mi, òun náà ń ṣe àmín. Bọ́láṣadé, ìwọ tí o búra fún mi pé ojú rẹ gbẹ lọ́jọ́ náà! Fúnmiọlá bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání ni, ìyá rẹ̀ àgbà kejì.

Bá mi kí Bàbá Olúbáyọ̀ àti àwọn ọmọ. Fi òróró pa orúnkún yẹn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Adéfọlákẹ́, ìyá Adélànà.