Idà Àrẹ̀mọ Padà Wálé

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ìrọ̀lẹ́

Idà Àrẹ̀mọ Adéjagun, akọni tí abúlé wa ń bọ láti ayébáyé, ti padà sí ojúbọ rẹ̀!

Lọ́dún tó kọjá ni Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe olórí agbègbè wa, gbé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀tà, ó ní ohun ìjà ni. Ìyá mi àgbà ló ń bọ Àrẹ̀mọ lábúlé wa. Èmi tí mo kàwé ni mo bá wọn kọ lẹ́tà sí Ajẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó dá idà náà padà. Kò sí èsì.

Àfi bí Ajẹ́lẹ̀ ṣe dé láàárọ̀ òní pẹ̀lú idà náà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Ìyá Àgbà, ó ní ta lẹ fẹ́ fi èyí bá jà?"

Wọn ò tilẹ̀ dìde. "Sọ fún un pé Àrẹ̀mọ ti jà tán. Òun ló lé ogun kúrò létí odò yìí tí a fi wà láàyè. Iṣu tuntun nìkan la ń fi idà rẹ̀ gé."

Ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Gbogbo abúlé hó yèè!

Kátíkíìsì, olùkọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, rí mi níbi tí mo ti ń kọrin Àrẹ̀mọ. Ó ní òun yóò pè mí lẹ́jọ́ lọ́la lẹ́yìn ìsìn, nítorí orin òrìṣà ni. Kó pè mí. Mo ti rí Ìyá Àgbà tó ń jó, àwọn tí orúnkún ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.