Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Obìnrin Inú Fóònù Sọ Nítorí Fèrè Rẹ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Ṣé ara le? Ṣé àǹtí rẹ aránṣọ ń jẹ́ kí o sùn dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ayé yí mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwa ńbí wà láàyè, a ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú, afẹ́fẹ́ sì ṣí páànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, òjò wọlé, bàtà àwọn oníbàárà rin gbingbin, ojú ọ̀nà ni mo ń sá wọn sí.

Àmọ́ gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó ohùn rẹ lórí fóònù. O ní iléèwé yẹn ti gbà ọ́ láti kọ́ iṣẹ́ afárá, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti ń fun fèrè, kò sí olùkọ́ fèrè fún ọ, wọn ò sì ní gbà ọ́ sẹ́gbẹ́ afunfèrè wọn. O sunkún títí mi ò fi gbọ́ ìyókù.

Ó yé mi nígbà tí o ṣàlàyé pé ẹni tó fẹ́ kọ́ afárá, àmọ́ tí kò lè fi fèrè sílẹ̀, kì í kàn mú iléèwé tó bá rí, torí àwọn kan ń ti yàrá wọn mọ́ gbogbo ẹni tí kì í ṣe orin ló wá kọ́. Èmi kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń kọ́ afárá ló ń fun fèrè kí mọ́tò má baà já sódò. Mo ti sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ ìtòsí mi, òun náà ní òun gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí yàrá yẹn jẹ́ sí ọ. Nílé àǹtí rẹ, aṣọ lo ń kì bọ ẹnu fèrè kí ará ilé má baà bínú. Èmi ni mo rán àpò awọ fún fèrè náà, òwú tí mo fi ń rán bàtà sójà ni mo lò. Bí o bá wálé tí o ń fun ún, mo máa ń dá òòlù dúró. Mi ò sọ fún ọ rí.

Kí iléèwé yẹn tó dá ọ lóhùn, nígbà tí wọ́n pè, bí o ti ní wọ́n máa pè, láti bi mí bóyá o mọ fèrè í fun lóòótọ́, ìṣó wà lẹ́nu mi, mi ò lè gbé fóònù. Mo tu ìṣó, mo pè wọ́n padà. Obìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù, ó dúpẹ́ pé mo pè, ó ní kí n sọ tẹnu mi bí mo bá ti gbọ́ pìn. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín bàtà. Mo ní, “Ẹ má wo ariwo tí ọmọ yẹn ń pa, eré lásán ni.” Ìwọ náà mọ̀ pé bàbá kì í yin ọmọ rẹ̀ lójú àlejò. Àlejò ló yẹ kó sọ pé rárá o, ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe. Mo dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Mo rò pé ìtẹríba mi ò tó. Mo ní ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wàá máa fun ún. Ó dákẹ́. Mo ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ bí wọ́n bá fẹ́. Ó dákẹ́. Òógùn bò mí. Mo wá ní, “Ìyá mi, ẹ nà án, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ṣẹ́kù fún mi. Èmi fúnra mi á fi òòlù lu fèrè yẹn di pẹlẹbẹ.” Ìgbà yẹn ni fóònù tún dún pìn, mo rò pé ó ti gbà nìyẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ ilé wo ni wọ́n kọ́ obìnrin náà? Ìyá rẹ ní bóyá ẹ̀rọ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn?

Àǹtí rẹ ní àpò awọ náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, o ò fọwọ́ kàn án mọ́, o ò sì jẹun. Ó ní o sọ pé bí o bá lọ láìsí fèrè, ààbọ̀ rẹ ló lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lára. Lánàá mo lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ bàtà òsì tíṣà kan, mi ò mọ̀ títí ó fi wọ̀ ọ́. Ayé sú mi, ọmọ mi.

Iléèwé kan ló kù, èyí tí o ní wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ fèrè í fun ní kọ́kọ́rọ́. O ní kí n dúró kí wọ́n pè mí. Àmọ́ ẹni tó ń wá nǹkan kì í jókòó, mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Obìnrin yẹn náà ló tún gbé e. Ohùn kan náà, pìn kan náà, àfi bíi pé ó ti pààrọ̀ iṣẹ́. Mi ò fi ìbínú hàn. Mo tẹríba ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sí ohun tí mi ò fi bú ọ. Mo ti pinnu pé bó bá tún dákẹ́, màá gbàgbé ìtìjú, màá sọ fún un pé kò sí ohun tí mo gbọ́ láyé yìí tó dùn tó fèrè ọmọ mi. Ibi tí mo ti lanu báyìí ni owó fóònù tán.

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè parí ọ̀rọ̀ náà.

Ọlọ́run á fi ẹnu mi ṣílẹ̀kùn fún ọ. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Fa fèrè rẹ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí o nù ún. Má sunkún mọ́, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.