Fèrèsé Mẹ́ta, Ojú Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ìyàwó mi kú ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, kí oòrùn tó yọ. A sin ín ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó tán.

Mi ò mọ̀wé. Àbíkẹ́yìn wa ló fi àmì pupa kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ hàn mí nínú fóònù. Kò-sí-wàhálà ni mo ń pe ọmọ náà, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi ìyẹn dáhùn. Ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ sí i lójoojúmọ́, pé ó máa ń jẹ́ kí àyà fúyẹ́.

Mo ti tẹ̀ ẹ́. Àyà ò fúyẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Kọ̀ǹpútà ìyá wọn ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ọdún mẹ́fà ni òun àti àkọ́bí wa fi kó gbogbo fọ́tò ilé yìí sínú ẹ̀, ti bébà àtijọ́, ti fóònù, gbogbo ẹ̀.

Àkọ́bí ni Adájọ́. Obìnrin ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti ń dá ẹjọ́ ilé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sílé ẹ̀. Mo ní kò ní jáde nílé mi. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kàn án." Mo bi í pé ṣé òun ló bí mi ni. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàbọ̀" ló kù láàárín wa.

Lónìí, mo fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ìyá wọn to nǹkan síbẹ̀ bí ẹni to ilé. Àwọn àpótí wà, fódà ni wọ́n ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, álíbọ́ọ̀mù mọ́kànlá. Orúkọ wà lábẹ́ wọn, mi ò lè kà á, ṣùgbọ́n fọ́tò kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Eléyìí, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Eléyìí, ìgbà tí a ń kọ́lé. Eléyìí, èmi nìkan. Mi ò mọ̀ pé ó ń yà mí. Nínú ọ̀kan mo sùn sórí àga, ẹnu mi là bí ẹnu àpò sìmẹ́ǹtì.

Ìwé pẹlẹbẹ kan ń yọ sójú ẹ̀rọ ṣáá. Mo pe Kò-sí-wàhálà lórí fídíò, mo gbé fóònù sí i kí ó lè rí i. Ó ní, "Bàbá mi, kọ̀ǹpútà ló ti kún. Ẹ yọ àwọn tó bá jẹ́ méjì-méjì kúrò. Kò sí wàhálà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo ṣiṣẹ́ lónìí. Iṣẹ́ gidi.

Ogójì ọdún ni mo fi to pákó nílé ìlagi. Pákó kan, ojú kan. Bí o bá rí pákó kan náà níbi mẹ́ta, olè ti wọlé tàbí akọ̀wé ti mutí. Ìyá wọn ńkọ́? Fọ́tò kan náà níbí, lọ́hùn-ún, níbòmíràn. Abájọ tó fi kún!

Mo wo álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ títí mo fi há a sórí. Ojú mi kì í gbàgbé pákó. Mo bọ́ sí èkejì. Èyí tí mo bá ti rí tẹ́lẹ̀, mo tẹ àwòrán garawa ìdọ̀tí. Ó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìkọkànlá. Wọ́n lé ní igba.

Kékeré wà níbẹ̀ náà. Ọmọ wa kẹta, tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Fọ́tò kan péré ló yà láyé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò wò ó rí. Bí ìyá wọn bá gbé e síwájú mi, mo máa ń dìde. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ garawa. Ó ṣáà wà nínú ti àkọ́kọ́.

Mo súfèé lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo padà sí àkọ́kọ́. Àwọn tó kù: ẹ̀yìn orí ẹnìkan. Géètì. Àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé.

Kékeré ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe tó wà ní ìkángun òpópónà. Àgbàlagbà tó lẹ́nu bí ẹyẹ. Ó wò ó, ó pa rédíò ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Bàbá, ta ló fi yín sídìí èyí? Fọ́tò kan ṣoṣo ni o. Inú fódà ló ń gbé. Álíbọ́ọ̀mù kì í ṣe yàrá, fèrèsé ni. Ẹ yọjú láti fèrèsé mẹ́ta, ẹnì kan náà lẹ rí. Ẹ wá rò pé ẹni mẹ́ta ni, lẹ bá pa méjì."

Ó ní ibi méjì ló wà láti tẹ̀. Ọ̀kan máa mú un kúrò lójú fèrèsé nìkan. Èkejì máa pa á pátápátá. Èkíní, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èkejì ló ní àwòrán garawa. Èmi tí mi ò mọ̀wé, èwo ni mo máa tẹ̀?

Ọgbọ̀n ọjọ́ ni garawa fi ń tọ́jú nǹkan, ó ní. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa dà á nù. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ti garawa náà. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tí a máa fi ṣí i.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?" ó bi mí.

Ìyá wọn. Àti Adájọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jáde.

Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò jẹun. Kì í ṣe ààwẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Kò-sí-wàhálà ò mọ ọ̀rọ̀ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, kò sọ pé kò sí wàhálà. Atúnṣe dán orúkọ gbogbo wa wò. Ẹ̀rọ kọ gbogbo ẹ̀, ó ní ó tó. Ó ní, "Bàbá, mo lè tú kọ̀ǹpútà yìí palẹ̀. Mi ò lè tú inú ẹni tó ti kú."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ó yé mi lónìí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èyí tí ìyá wọn bá fẹ́ràn jù ló ń fi sójú fèrèsé tó pọ̀ jù. Fèrèsé kan, ó fẹ́ràn ẹ̀ díẹ̀. Fèrèsé márùn-ún, ọkàn ẹ̀ ni. Èyí tí mo rí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni mo pa. Mo dá géètì sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo pe Adájọ́. Mo bi í bóyá òrùlé ẹ̀ ṣì ń jò. Ó ní wọ́n ti tún un ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mo fẹ́ rántí ojú Kékeré. Mo mọ aṣọ tó wọ̀ nínú fọ́tò náà, aláwọ̀ ewé. Mo mọ ọwọ́ ìyá ẹ̀ tó gbé e. Ibi tí ojú yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan.

Mo rántí pákó tí mo tò lọ́dún tí mo gbéyàwó. Mo rántí èyí tó ní kókó, èyí tó wọ́. Mi ò rántí ojú ọmọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Adájọ́. Èmi ni.

Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Tèmi fi agídí wọ̀ ọ́, ó fọ́ ọ. Má dá ẹjọ́ náà síbi tí mi ò sí. Tẹ́tí sí ohùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò yọ ọ̀kankan kúrò. Mi ò ní yọ nǹkan kankan kúrò níbikíbi mọ́ láyé.

Atúnṣe ti kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ránṣẹ́. Ọfà ni kí n tẹ̀. Garawa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọjọ́ méjì ló kù. Wá gbé kọ̀ǹpútà ìyá rẹ, ó ti di tìẹ, mi ò jiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e jáde, ṣí garawa náà níbí, lórí tábìlì ẹ̀. Bí o bá rí Kékeré, jókòó tì mí.

Mi ò ní yíjú.